Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò kọ̀wé: báwo la ṣe ń mọ ohun tó ṣe?

Ìbéèrè tó wọlé sí wa rèé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè gíga lórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yúróòpù láàrin ọdún 1500 sí 1800: alágbẹ̀dẹ wúrà, gbẹ́nàgbẹ́nà, atẹ̀wé, ahunṣọ. Olùkọ́ mi kan ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn yẹn ò mọ̀wé, ẹgbẹ́ wọn sì fi iṣẹ́ ṣe awo, pé ohun tí a lè mọ̀ nípa wọn kò lè kún ìwé kan. Olùkọ́ kejì ní kí n lọ wo ohun tí wọ́n ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo tún gbọ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń da idẹ, wọ́n ń po àwọ̀ ní yunifásítì, wọ́n ní ìwádìí ni àwọn ń ṣe. Ṣé ìwádìí ni ìyẹn àbí eré? Èwo ni kí n tẹ̀ lé, pàápàá nígbà tí mi ò lówó ọkọ̀ òfuurufú?”

Mo dúpẹ́ pé ẹ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé nìyí: ẹ ò sá fún iṣẹ́, ohun tó ń já yín láyà ni pé kí ẹ má lọ lo ọdún mélòó kan lórí àwọn èèyàn tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Olùkọ́ yín àkọ́kọ́ ń wá bébà tí oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀ kọ, kò rí i, ó bá pa ilẹ̀kùn dé. Èkejì rí ohun èlò, ó rò pé ó ti tó. Àwọn méjèèjì ló fo ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú, èyí tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ta ló pa nǹkan yìí mọ́, kí ló sì ń wá tó fi pa á mọ́? Ìwé tàbí ife fàdákà kì í ṣàdédé lo irínwó ọdún láyé. Ẹnì kan ló nídìí tó fi tọ́jú rẹ̀, ìdí yẹn ló sì ń pinnu ohun tó lè sọ fún wa àti ohun tí kò ní jẹ́ ká rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé. Lóòótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà náà kò lè kọ orúkọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè máa gbé láàrin àwọn tó ń kọ nǹkan nípa rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1563 pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ fún ọdún méje, ó kéré tán, apá tó jẹ mọ́ ìkọ́ṣẹ́ nínú òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1814. Òfin bẹ́ẹ̀ máa ń bí ìwé ni: àdéhùn láàrin ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, orúkọ bàbá ọmọ, ìlú tó ti wá, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe jẹun, ọjọ́ tó wọṣẹ́ àti ọjọ́ tó gba fúríìdọ́ọ̀mù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sá lọ, wọ́n kọ ọ́. Bí ọ̀gá bá ń lù ú ní ìlùkulù tàbí tó ń febi pa á, ẹjọ́ dé iwájú ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá ká ayédèrú ọjà mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, wọ́n ba ọjà náà jẹ́, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n tún kọ ọ́. Ní Antwerp, níbi tí Christophe Plantin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní 1555, ìwé owó tí wọ́n ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú ilé náà di òní olónìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1600. A ò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn láyé tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ta ló pa àwọn ìwé yẹn mọ́? Ọ̀gá àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni, torí owó wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ máa rí gbogbo ohun tó ná ọ̀gá lówó. Ẹ ò ní rí orin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ awo wá ńkọ́? Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ jù. Ní 1291 ni ìjọba Venice ní kí àwọn tó ń yọ́ gíláàsì kó ààrò wọn lọ sí erékùṣù Murano, nígbà tó sì yá òfin le koko mọ́ ẹni tó bá gbé iṣẹ́ náà sá lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Síbẹ̀, ní 1665, Colbert tó jẹ́ mínísítà ọba Faransé fi owó fa àwọn ará Murano wá sí Paris kí wọ́n lè máa ṣe dígí níbẹ̀. Kò pé ogún ọdún sí i tí dígí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé fi kún gbọ̀ngàn ńlá ààfin Versailles. Ní Meissen, nílẹ̀ Jámánì, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tánganran sílẹ̀ ní 1710, wọ́n ṣọ́ àṣírí rẹ̀ bí ẹyin ojú, síbẹ̀ nígbà tó fi máa di 1719 òṣìṣẹ́ kan ti gbé e dé Vienna. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá àṣírí, ẹ má wá ìwé tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí. Ẹ wá ẹni tó ṣí kúrò nílùú: àdéhùn iṣẹ́ tuntun rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó kọ sí ọba, ẹjọ́ tí ọ̀gá àtijọ́ pè é. Àwọn ìwé yẹn pọ̀, ọ̀rọ̀ inú wọn sì gbóná.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ń pè ní àṣírí tí kò sẹ́ni tó fi í pamọ́. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe abẹ fífá irun. Ó ti mú irin náà gbóná, ó ti tì í bọ omi, ó ti le, àmọ́ ó ti le débi pé bó bá já bọ́ á kán. Ó ní láti tún un mú gbóná díẹ̀díẹ̀ kí líle náà lè rọ̀. Ó dán ojú irin náà títí ó fi ń kọ mànà, ó gbé e sórí iná, ó ń wò ó. Ojú irin á kọ́kọ́ pọ́n bí ewéko gbígbẹ, pípọ́n yẹn á ṣókùnkùn, á di àwọ̀ ilẹ̀, á di elésè àlùkò, lẹ́yìn náà á di búlúù. Abẹ fífá irun kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó ti pọ́n. Irin tí wọ́n fẹ́ kó máa tẹ̀ kó sì máa padà sípò rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó dé búlúù. Láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n títí tó fi kọjá ààlà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí alágbẹ̀dẹ bá tilẹ̀ mọ̀wé bí àlùfáà, tó sì fẹ́ fi gbogbo ọkàn rẹ̀ kọ́ yín, kí ló fẹ́ kọ sílẹ̀? “Mú un kúrò nígbà tó bá pọ́n dáadáa.” Ìkọ́ṣẹ́ ọdún méje ló ń fi ìtumọ̀ sí “dáadáa” yẹn. Èyí ni mo fi ń sọ pé àìkọsílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n fi nǹkan pamọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ olùkọ́ kejì, ẹni tó ní ohun èlò á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ mú ife fàdákà London kan lọ́wọ́, ẹ yí i padà, ẹ máa rí àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké. Orí ẹkùn ti wà nínú òfin láti 1300 láti fi hàn pé fàdákà náà dára tó. Láti 1478 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà kan kún un, tí wọ́n ń yí padà lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé a lè mọ ọdún tí wọ́n yẹ ife náà wò. Òǹtẹ̀ kan sì tún wà fún ẹni tó ṣe é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n rí òǹtẹ̀ Paul de Lamerie, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní London, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ Paul de Lamerie ló lu fàdákà yìí. Ohun tí òǹtẹ̀ náà ń sọ ni pé òun ló gbé e lọ fún àyẹ̀wò, tó sì gbà pé òun ló ni ẹ̀bi bí kò bá dára. Ẹni tó lù ú, ẹni tó gbẹ́ òdòdó sí i lára, ẹni tó dán an, wọ́n lè jẹ́ ẹni mẹ́ta tí orúkọ wọn kò sí níbì kankan. Wọ́n tiẹ̀ lè ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, òǹtẹ̀ náà lè fi ẹni tí ìwé ẹgbẹ́ kò fẹ́ẹ́ mẹ́nu bà hàn yín. Hester Bateman forúkọ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1761, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ta ló máa gbà pé ọjọ́ tí ọkọ kú ni obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń lọ? Àmọ́ kó tó di opó, orúkọ ọkọ ló bo gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọba àti ẹgbẹ́ ló fẹ́ òǹtẹ̀, nítorí kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa mú bí fàdákà bá jẹ́ àdàlù. Wọn ò dá a sílẹ̀ fún àwa tó ń kọ ìtàn.

Ohun tó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tún ní wàhálà tó ju ìyẹn lọ, èmi gan-an sì rò pé òun ló yẹ kó gba orí odidi kan nínú ìwé yín: ohun tó ṣẹ́ kù kò jọ ohun tó wà. Fàdákà tó rẹwà jù lọ láyé ìgbà náà kò sí mọ́. Ní 1689, Louis XIV, ọba Faransé, ní kí wọ́n yọ́ àga, tábìlì àti ọ̀pá fìtílà fàdákà ààfin Versailles kó lè fi owó rẹ̀ jagun. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá àgbà di owó ẹyọ láàrin oṣù díẹ̀. Ní ti aṣọ, ẹ̀wù olówó tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ló ń pẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó, wọ́n gé e fún ọmọ, wọ́n fi ìyókù rẹ̀ nu nǹkan, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àkísà, àwọn yẹn sì gbé e lọ sí ilé ìṣebébà, torí àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà ní Yúróòpù nígbà náà. Bí ẹ bá wá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹ ka ẹ̀wù tó wà níbẹ̀, tí ẹ ní báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń múra, ẹ ti ṣìnà.

Ẹ wo ibi tí aṣọ tálákà ti yè é. Ní 1741, wọ́n ṣí ilé kan ní London fún àwọn ọmọ jòjòló tí ìyá wọn kò lágbára láti tọ́. Nígbà tí wọ́n bá gba ọmọ, akọ̀wé á kọ ohun tó wọ̀ sílẹ̀, á sì gé aṣọ díẹ̀ lára ẹ̀wù náà, á fi pín-ìnì kan an mọ́ ìwé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìyá bá padà wá lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè fi aṣọ náà mọ ọmọ tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó ṣe di pé láàrin 1741 sí 1760 nìkan, aṣọ tó ju 5,000 lọ wà nínú àwọn ìwé yẹn, òwú tí wọ́n tẹ òdòdó sí, aṣọ onílà, rẹ́bọ́ọ̀nù, aṣọ onírun àgùntàn, tí àwọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣí torí oòrùn kò rí wọn. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo Bìrìtìkó tí a ti lè rí aṣọ wíwọ̀ ojoojúmọ́ ìgbà náà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọ́jú wọn torí iṣẹ́ ahunṣọ. Ẹni tó bá lò wọ́n láti fi mọ iṣẹ́ ahunṣọ gbọ́dọ̀ rántí pé aṣọ ọmọ ni, pé wọ́n sábà máa ń fi ògbólógbòó aṣọ àgbà rán an, àti pé akọ̀wé ló yan ibi tó gé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ibòmíràn tí nǹkan yẹpẹrẹ ti máa ń yè ni ìsàlẹ̀ omi. Ọkọ̀ ogun ọba Henry Kẹjọ, Mary Rose, rì ní oṣù keje ọdún 1545, wọ́n sì gbé e jáde ní 1982. Wọ́n bá irinṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà nínú rẹ̀. Igi ọwọ́ irinṣẹ́ ló kù jù, irin ti jẹra, tó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn ihò tí irin ti wà ni ẹ máa wò láti mọ irú irin tó wà níbẹ̀. Ti ọkọ̀ Vasa ní Stockholm tún lárinrin ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbéra ní oṣù kẹjọ 1628 náà ló rì, wọn ò sì gbé e jáde títí di 1961. Wọ́n rí rúlà mẹ́rin nínú rẹ̀. Méjì fi ẹsẹ̀ bàtà Swídìn wọn nǹkan, tó ní ínǹṣì 12. Méjì fi ti Amsterdam, tó ní ínǹṣì 11. Àwọn ará Nẹ́dálándì àti àwọn ará Swídìn ló jọ kan ọkọ̀ náà, ara rẹ̀ kò sì dọ́gba, igi apá òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti sọ pé rúlà ló ri ọkọ̀. Ẹ má bá wọn sọ ọ́. Òkè ọkọ̀ náà ló wúwo ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn nìkan tó láti dojú rẹ̀ dé nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ohun tí rúlà kọ́ wa yàtọ̀, ó sì wúlò fún yín ju ìtàn ìjàm̀bá lọ: lábẹ́ òrùlé kan náà, oníṣẹ́ méjì lè wọn ohun tí àwọn méjèèjì ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kó sì yàtọ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ìwé ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rírì ọkọ̀ náà wà, olúkúlùkù ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀, wọn ò sì rí ẹni jẹ níyà. Ẹni tó fẹ́ dá ẹlòmíràn lẹ́bi ló ní kí wọ́n kọ ìwé. Ẹrẹ̀ ló pa rúlà mọ́ ní tirẹ̀, kò sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ìwé kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, ìyẹn ìwé ìkà ẹrù olóògbé. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1529 ní kí àwọn tó ń bójú tó ogún ṣe é: àwọn aládùúgbò á wọ ilé olóògbé, wọ́n á máa lọ láti yàrá dé yàrá títí dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa dárúkọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á máa dá owó lé e. Bí alágbẹ̀dẹ bá wà lára àwọn tó ń ka ẹrù alágbẹ̀dẹ, ẹ máa rí owú, ẹwìrì, ẹ̀mú àti ìwọ̀n irin tó wà nílẹ̀. Bí àwọn tó kà á kò bá mọ iṣẹ́ náà, “irinṣẹ́ àti pàǹtí mìíràn” ni wọ́n máa kọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sí ilẹ̀ àti ilé nínú rẹ̀. Obìnrin tó wà lọ́dọ̀ ọkọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní irú rẹ̀, torí lójú òfin ẹrù ọkọ ni ẹrù rẹ̀. Akúùṣẹ́ kò ní. Irinṣẹ́ tí bàbá ti gbé lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó kú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó dàgbà máa ń ṣe.

Ti àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Joseph Moxon bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀ jáde ní 1678, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ atẹ̀wé ni òun fúnra rẹ̀, ó sì máa ń ṣe àwòṣe ayé róbótó. Encyclopédie, ìwé ìmọ̀ ńlá èdè Faransé tí Diderot ṣe olóòtú rẹ̀ láàrin 1751 sí 1772, ní ìdìpọ̀ àwòrán 11, ẹwà wọn kò kéré, bàbá Diderot gan-an sì jẹ́ ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ ní Langres. Àmọ́ ẹ wo àwọn àwòrán yẹn dáadáa: ilẹ̀ mọ́, èéfín kò sí, ọmọdé kò fi bẹ́ẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń làágùn. Ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ ni wọ́n yà wọ́n fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ẹ lò wọ́n láti mọ orúkọ irinṣẹ́, kí ẹ sì wá bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe rí lọ sí ibòmíràn.

Ó wá ku àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń da idẹ. Ìwádìí ni, bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni iṣẹ́ tí Pamela Smith dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 2014, lórí ìwé àfọwọ́kọ Faransé kan tó wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè náà ní Paris. Ẹnì kan tí kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i ló kọ ọ́ lágbègbè Toulouse nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ń parí lọ, ọ̀nà ìṣe nǹkan tó ju 900 lọ ló wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń fi alángbá gidi ṣe àwòṣe ère fàdákà, bí a ṣe ń po àwọ̀, bí a ṣe ń yan iyanrìn tí a máa da irin sí. Ní 2020 ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú rẹ̀, ẹni náà ní kí a mú inú búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ààrò, kí a tẹ ohun tí a fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú rẹ̀, kí a jẹ́ kó gbẹ, kí a wá da imí ọjọ́ yíyọ́ sínú ihò náà. Lójú ẹni tó kàn ń kà á, àwàdà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé irú búrẹ́dì wo? Ìyẹ̀fun wo ló wà nílùú náà, kí ni wọ́n fi ń mú un wú, báwo ni inú rẹ̀ ṣe rọ̀ tó? Kò sí èyí tí òǹkọ̀wé náà ṣàlàyé, torí gbogbo ẹni tó wà láyìíká rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí àtúnṣe, ìyẹn ṣíṣe iṣẹ́ àtijọ́ lákọ̀tun, ti wúlò nìyẹn: ó ń jẹ́ kí a rí ohun tí ìwé fò.

Àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá ṣe é tó bọ́ sí i, ẹ ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ẹ ò tíì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Irin tòde òní kò rí bí irin ìgbà yẹn, iná gáàsì kò rí bí iná èédú, ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì lè rí bí ọwọ́ tó kọ́ ọ fún ọdún méje. Bí ó bá sì bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ìwé ló purọ́ àbí ọwọ́ yín ló gọ̀. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí ilé ẹ̀kọ́ kò ní gbà kí ẹ dán wò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi wúrà bo fàdákà nígbà yẹn ni pé wọ́n á po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, wọ́n á fi pa ara fàdákà, wọ́n á gbé e sórí iná kí mẹ́kúrì lè di èéfín lọ. Èéfín yẹn ló ń ba ara àwọn oníṣẹ́ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kà nípa rẹ̀, ẹ má dán an wò.

Ilé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì náà ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ìbéèrè tirẹ̀ dín. Ní 1548, ìdílé Fugger, àwọn olówó Jámánì, bá ọba Pọtogí ṣe àdéhùn láti pèsè ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ rẹpẹtẹ tí wọ́n fi ń ṣòwò ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 2023, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde kan jáde: wọ́n yẹ òjé tó wà nínú irú ẹ̀gbà ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó bá ti àwọn ohun abẹ́lẹ̀ agbègbè odò Rhine mu, ó sì jọ ti idẹ tí àwọn ará Bìní fi ṣe iṣẹ́ ọnà wọn. Ìyẹn dájú ju ohun tí ìwé nìkan lè sọ lọ. Síbẹ̀ ó sọ ibi tí idẹ ti wá fún wa, kò sọ ẹni tó dà á, iye wákàtí tó fi dà á, tàbí bí wọ́n ṣe ń pín owó rẹ̀.

Èwo wá ni kí ẹ tẹ̀ lé? Bó bá jẹ́ èmi, ìwé àti ohun èlò ni mo máa fi ṣe ẹsẹ̀ méjì iṣẹ́ náà, màá sì lo àbájáde àwọn tó ti ṣe àtúnṣe dípò kí n dá ti ara mi sílẹ̀. Ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ kan, ìlú kan, bí ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó sọ pé “àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Yúróòpù” kì í parí. Nítorí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, London ló rọrùn jù: àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹjọ́ ilé ẹjọ́ Old Bailey láti 1674 sí 1913. Ẹ má fojú kéré ẹjọ́ olè. Bí ọmọ iṣẹ́ bá jí fàdákà wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá á dìde, á sọ ìgbà tó ti ilẹ̀kùn, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́, ibi tí irinṣẹ́ máa ń wà, ẹni tó ń sùn sí abẹ́ tábìlì iṣẹ́. Kò sí ìwé ẹgbẹ́ tó máa sọ ìyẹn.

Ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọwọ́ ìkọ̀wé ìgbà náà kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ibi ìtọ́jú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé ilé ẹjọ́ wọn wà ní èdè Látìn títí di 1733. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọjọ́: títí wọ́n fi yí kàlẹ́ńdà padà ní 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà oṣù kejì 1640 lórí bébà, 1641 ni lójú tiwa. Mo ti rí ìwé tí wọ́n gbà fún oyè tí ọmọ iṣẹ́ inú rẹ̀ gba fúríìdọ́ọ̀mù kó tó wọṣẹ́.

Àwòrán ohun èlò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Rijksmuseum ní Amsterdam mọ́lẹ̀ kedere, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ iwájú ni wọ́n sábà ń yà. Ẹ̀yìn àpótí ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti fi ara rẹ̀ hàn: iwájú dán, àmọ́ ẹ̀yìn ṣì ní ojú ayùn gbọọrọ gbọọrọ, ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ kò rí ìfági rí, àmì tí wọ́n fi mọ èyí tó bá èyí mu ṣì wà lára igi. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ẹ sọ nọ́ńbà ohun èlò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ fún yín. Àwọn kan kò ní dáhùn. Àwọn tó bá dáhùn máa ń fi àkọsílẹ̀ inú fáìlì wọn kún un. Bí ẹ bá wá rí owó ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fi lọ ka ohun tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà; ẹ fi lọ gbé nǹkan náà lọ́wọ́, torí àwòrán kì í sọ bó ṣe wúwo tó.

Ó ku ibì kan tí olùkọ́ yín àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Àwọn tó ń hun agbọ̀n, àwọn obìnrin tó ń ran òwú nílé láti fún ahunṣọ: ọ̀pọ̀ wọn kò ní ẹgbẹ́, wọn kò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òfin, ohun tí wọ́n ṣe ti jẹrà tàbí ó ti wọnú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ àwọn yẹn lọkàn yín fà sí, ẹ ṣì lè ṣe é, àmọ́ ẹ máa kó ẹ̀rí jọ ní wẹ́wẹ́: ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò tó ń pín irun àgùntàn fún wọn, ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n yọ nínú òwú, kẹ̀kẹ́ ìrànwú nínú ìwé ìkà ẹrù olóògbé, àti bí òwú ṣe rí lára aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ ìwé àwọn ọmọ jòjòló London yẹn. Ẹ fi ọdún kan kún àkókò tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì wá alábòójútó tó ti ṣiṣẹ́ níbi ìtọ́jú ìwé àtijọ́ rí, pẹ̀lú ẹnì kejì tó mọ aṣọ dájú.